Bí ẹ ṣe lè mú ọmọ rìnrìn àjò láàárín táàmù láì pa irọ́ fún sùkúùlù

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn ẹbí wa tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, wọ́n á ní ṣé kò ní burú táwọn bá yọ àwọn ọmọ kúrò ní sùkúùlù fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lè wá kí màmá àgbà kí wọ́n sì wo Ojúde Ọba, ọdún táwa Ìjẹ̀bú máa ń ṣe níwájú ọba wa lẹ́yìn Iléyá. Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó burú o. Ọmọ tí ò mọ agbolé bàbá ẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ á kọjá lójú títì tí ò ní mọ̀ ọ́n, ohun tó pàdánù ju nóòtì ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àmọ́ ó lọ́nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, torí èmi náà ti ṣe é lọ́nà tí ò dáa rí.

Ọmọ mi ò ju ọdún méje lọ nígbà yẹn. Mo fi mẹ́sèèjì ránṣẹ́ sí Àǹtí kíláàsì ẹ̀ pé ibà ń ṣe é, la bá kó ara wa lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àbúrò mi, a gun Olúmọ, a jẹun, a gbádùn ara wa dáadáa. Nígbà tó padà sí kíláàsì, Àǹtí ní ṣé ara ti yá, ó ní “kò sí nǹkan tó ṣe mí, òkè la lọ gùn.” Pé Àǹtí mọ̀ kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ yẹn délé, ó ní, “Mọ́mì, ṣé èmi ni mo parọ́ fún Àǹtí ni àbí ẹ̀yin?” Mi ò rí nǹkan kan sọ. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ní mi ò ní fi àìsàn ọmọ ṣe àwáwí mọ́, ohun tí mo sì ń ṣe báyìí ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ kọ́kọ́ mú kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ sùkúùlù nìkan, ẹ má ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn. Èyí ṣe pàtàkì torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé Ojúde Ọba ló ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ ọmọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba. Ní 2024, Iléyá bọ́ sí 16 June, Ojúde Ọba wá jẹ́ Túsìdeè 18 June, hólídè ìjọba ló sì bọ́ sí. Ní 2025, Iléyá jẹ́ Fúráìdeè 6 June, Ojúde Ọba bọ́ sí Sọ́ńdè. Ẹ ò rí i pé lọ́dún méjèèjì, ọmọ tó wá wo àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, àti àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin ò pa sùkúùlù jẹ rárá nítorí ìran yẹn. Àwọn ọjọ́ tá a máa ń fi kún un lẹ́yìn ẹ̀ ni, tá a ó ní ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ká dé ọ̀dọ̀ tibí ká dé ọ̀dọ̀ tọ̀hún, ìyẹn ló ń di ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lè gé e sí ọjọ́ méjì péré. Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, fún ọdún mélòó kan sí i inú táàmù ni yóò ṣì máa bọ́ sí. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijjah nínú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí ni, nítorí náà bí wọ́n bá ti kéde pé oṣù ti lé, ẹ ti ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láti fi mọ ọjọ́ náà gan-an, ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra kẹ́ ẹ tó sọ fún sùkúùlù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo kíláàsì tí ọmọ wà. Ọmọ praimárì kejì tàbí ìkẹta, ẹ máa mú u lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS3 tó fẹ́ ṣe BECE, ìdánwò ìparí JSS, àti ọmọ SS3 tó wà nínú WAEC tàbí NECO, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, torí táàmù kẹta yẹn gan-an ni àwọn ẹ̀sáàmù yẹn ń bọ́ sí, bó bá di ọdún tó ń bọ̀ yóò wo Ojúde Ọba. Ẹ bèèrè ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe CA náà, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì inú táàmù, torí máàkì tí ọmọ bá pàdánù níbẹ̀, ẹ̀sáàmù nìkan ò lè dí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ sùkúùlù fúnra ẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ rí Àǹtí kíláàsì kẹ́ ẹ tó rí ọ̀gá ilé ìwé, torí òun ló máa ní iṣẹ́ lọ́rùn, inú ẹ̀ ò sì ní dùn tó bá jẹ́ òkè ló ti gbọ́. Báyìí lèmi máa ń sọ ọ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o mà. A fẹ́ mú ọmọ yín lọ síbi Iléyá lọ́dọ̀ màmá àgbà, ọjọ́ méjì ni ò ní sí ní kíláàsì, Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè á ti wà níbí. Kí lẹ máa kọ́ wọn lọ́jọ́ méjèèjì, ká lè máa bá a ṣe é?” Ìbéèrè ìparí yẹn ló máa ń jẹ́ kí ojú wọn rọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà kékeré: orúkọ ọmọ, kíláàsì ẹ̀, ọjọ́ tó ń lọ, ọjọ́ tó ń dé, ìdí ẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ mú kọ́pì kan pa mọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbọ́ ìdí wọn dé ìparí, ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ti ń pa sùkúùlù jẹ jù tẹ́lẹ̀. Òfin UBE, òfin ìjọba lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ti ọdún 2004 fi dandan mú òbí pé kí ọmọ máa lọ sí ilé ìwé láti praimárì dé JSS3, wọ́n á kọ́kọ́ bá òbí tó bá rú u wí, fáìnì 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan wà nínú ẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kejì. Ọjọ́ méjì pẹ̀lú lẹ́tà kọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe òfin yẹn, àmọ́ kó wà lọ́kàn yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti England bọ̀, tiyín le jùyẹn lọ. Láti August 2024, bí ọmọ bá pa ọjọ́ márùn-ún jẹ láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, fáìnì lè tẹ̀lé e: 80 pọ́n-ùn tẹ́ ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, 160 lẹ́yìn ìyẹn. Orí òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á o, bàbá àti ìyá pẹ̀lú ọmọ méjì, 320 nìyẹn. Ẹ má sì gbọ́kàn lé kóòtù, torí ní 2017 kóòtù tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ tako bàbá kan ní Isle of Wight tó mú ọmọ ẹ̀ lọ Florida fún ọjọ́ méje tó kọ̀ tí ò sanwó. Ohun tí mo ń sọ fún àbúrò mi tó wà lọ́hùn-ún ni pé kó bèèrè nínú ìwé kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá kọ̀ kó sún un di August.

Lójú ọ̀nà, ẹ má sọ ìrìn àjò di sùkúùlù o, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ fún máàsì ti tó, lẹ́yìn náà kí ọmọ máa ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ mú un dé Òkè-Ẹ̀rí kó rí Erédò Súngbọ́, yàrà táwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ ká, gígùn ẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti màmá àgbà nígbà tí wọ́n bá ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Kó kọ ojú ìwé kan nípa ohun tó rí, lédè Yorùbá, kó mú un lọ fún Àǹtí.

Ẹ padà ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ dá, torí gó-sílóò Ṣágámù lè jẹ́ kẹ́ ẹ délé lóru, ọmọ á wá máa sùn ní kíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bá wọlé, ẹ bá a lọ, ẹ mú gààrì Ìjẹ̀bú díẹ̀ dání fún Àǹtí tẹ́ ẹ bá ní, ẹ gba nóòtì tó kù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tó lọ.