Bí a ṣe ń yẹ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wò kí owó tó kúrò lápò

Ẹni tó bá lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ara rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ó ń dán, ṣé kò ha, ṣé igun rẹ̀ kò fọ́. Ara kọ́ ni wàhálà. Ẹni tó ń tà á ti nù ún mọ́ tónítóní, ó sì ti lẹ nǹkan mọ́ ibi tó ha. Ibi mẹ́ta ni owó ti ń bọ́ sọ́nù: bátìrì, dísìkì, àti àgádágodo tí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé rí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí tábìlì alátajà, láìtú síkúrù kankan, àfi àyẹ̀wò àgádágodo kan tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn ìdúnàádúrà, tó lè gba wákàtí kan. Alátajà tó bá ní kò sí àyè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kó CrystalDiskInfo, ètò kan tó ń sọ bí ara dísìkì ṣe le tó, sórí fláàṣì kan. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní portable ni kí ẹ mú, torí pé bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ló máa ṣí. Ẹ mú íapíìsì dání, pẹ̀lú fóònù tí dátà wà lórí rẹ̀ fún hotspot.

Orúkọ tó wà nínú ẹ̀rọ

Stíkà i7 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù kò jẹ́rìí ohunkóhun; ó ṣeé yọ, ó sì ṣeé lẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ yan Performance, kí ẹ wá yan CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ. Orúkọ gidi wà lókè lápá ọ̀tún, bíi i5-8250U. Ẹ fo nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ohun tó ṣẹ́kù níwájú ni ìran rẹ̀. 8250 jẹ́ ìran kẹjọ, èyí tí ará ọjà ń pè ní 8th gen. 10210 jẹ́ ìran kẹwàá. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin tó sì fi 1 bẹ̀rẹ̀, bíi 1035G1 tàbí 1135G7, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ náà fún ọdún bíi mẹ́ta síwájú, ẹ má ra ohun tó wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Windows 11 sì ń béèrè Intel ìran kẹjọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, pẹ̀lú TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ. Àwọn alátajà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti Windows 11 wọ ẹ̀rọ ìran kẹfà. Yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò gbà á sí agbo, àtúnṣe ńlá ọdọọdún kì í sì í sábà dé fúnra rẹ̀.

Ìdí kejì wà. i7-7500U tó jẹ́ ìran keje, kọ́ọ̀ (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ nínú CPU) méjì péré ló ní. i5-8250U tó tẹ̀ lé e ní mẹ́rin. Ẹni tó fowó lé owó nítorí pé "i7 ni" ti fi owó ńlá ra èyí tó lọ́ra jù.

Àgádágodo tí kò hàn lára

HP EliteBook, Dell Latitude àti Lenovo ThinkPad tó ń wọlé láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ìdí nìyẹn tí ara wọn fi le dáadáa. Ìdí nìyẹn náà tí òmíràn fi wà lábẹ́ títì.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tàn án padà, kí ẹ máa tẹ F10 léraléra lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad, títí ẹ ó fi wọ BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kí Windows tó gbéra. Bí ó bá béèrè password, ẹ dá a padà sórí tábìlì. Alátajà á ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé bí wọ́n bá ti yọ bátìrì kékeré CMOS inú rẹ̀, ó ti tán. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Lórí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yìí, inú ẹ̀yà kékeré kan tó ń rántí nǹkan láìsí iná ni password wà, kò sì ní kúrò bí ẹ yọ bátìrì fún odidi oṣù kan. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà nínú BIOS, ẹ wo abẹ́ Security bóyá ẹ ó rí Absolute tàbí Computrace. Bí ó bá wà ní Activated, ilé iṣẹ́ kan ṣì lè máa tọpa ẹ̀rọ yẹn, ó sì lè tì í láti ọ̀nà jíjìn.

Títì kejì burú ju èyí lọ, torí pé inú ẹ̀rọ kọ́ ló wà. Ilé iṣẹ́ máa ń fi ìdánimọ̀ láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Autopilot. Ẹ nu dísìkì, ẹ pààrọ̀ dísìkì, kò kàn án. Ọjọ́ tí ẹ bá tún Windows ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé iṣẹ́ náà á jáde lójú ẹ̀rọ, á sì máa béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá fi Windows sí i láìso íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kò sóhun tó máa hàn lọ́jà. Ẹ ṣí Settings, Accounts, kí ẹ wo Access work or school. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí kò bá sí, ìyẹn nìkan kò tíì tó ẹ̀rí. Nígbà tí ẹ bá ti dúnàádúrà tán, tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n ṣe Reset, ìyẹn kí Windows bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi hotspot yín sí i nígbà tó bá béèrè nẹ́tíwọọ̀kì. Ó lè gbà tó wákàtí kan. Ẹ jókòó tì í.

Ní ti MacBook, láti 2018 tí T2, ẹ̀yà ààbò Apple, ti wọ inú wọn, Activation Lock ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ó bá ń béèrè Apple ID (tí wọ́n ń pè ní Apple Account báyìí) ẹlòmíràn, ọwọ́ ẹni yẹn ni ṣíṣí rẹ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ alátajà.

Bátìrì

Ẹ kọ cmd sínú àpótí ìwákiri Start, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ wá tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó kó ìwé náà sí. Ẹ lọ ṣí i. Ìlà méjì lẹ ń wá: DESIGN CAPACITY, ìyẹn agbára tó bá wọ ayé, àti FULL CHARGE CAPACITY, ìyẹn èyí tó kù lára rẹ̀.

Ká ní ìlà kìíní jẹ́ 48,000 mWh, tí ìkejì jẹ́ 29,760. Ẹ fi ìkíní pín ìkejì: 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń jẹ bíi 10 watt, nítorí náà 29,760 mWh á gbé yín tó wákàtí mẹ́ta, níbi tí tuntun ì bá ti gbé yín súnmọ́ márùn-ún. Bátìrì tó bá lé ní 80 dára. Láàárín 60 sí 80, ẹ béèrè iye tí bátìrì tuntun ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí ẹ fi ja iye tí wọ́n ń pè. Nísàlẹ̀ 60, ẹ kà á sí ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, kí ẹ sì pe owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé yìí lè purọ́ o. Bátìrì ayédèrú, tàbí èyí tí wọ́n tún ìṣirò inú rẹ̀ kọ, lè fi nọ́ńbà méjèèjì hàn bákan náà gẹ́lẹ́. Bátìrì tó ti lo ọdún mẹ́rin kì í rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa tú àṣírí rẹ̀ ni pé kí ẹ yọ ṣájà, kí ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, kí ẹ fi fídíò sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 10 watt á ti mu 2.5 Wh (2,500 mWh) nígbà náà. Lára bátìrì wa ti 62 yẹn, ìyẹn jẹ́ bíi 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá já láti 95 sí 83, ó ṣì ṣeé gbà. Bí ó bá já sí 65, tàbí tó fò láti 40 bọ́ sí 7 lójijì, òmíràn ti kú nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ (àwọn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di bátìrì náà), ohunkóhun tí ìwé ì báà wí.

Kí ẹ tó kúrò lórí bátìrì, ẹ pa ojú láptọ́ọ̀pù dé, kí ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Bó bá ń mì jẹngẹjẹngẹ, tàbí tí touchpad rẹ̀ wú sókè tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, bátìrì ti wú nínú. Ìyẹn lè gbiná. Wọn kì í gún un, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ padà, wọn kì í sì í fi ṣájà sí i mọ́.

Dísìkì

Nínú Performance kan náà, Disk 0 á kọ SSD (dísìkì ìgbàlódé tó yára) tàbí HDD (dísìkì àtijọ́ tó ń yí). Bó bá jẹ́ HDD, ẹ̀rọ á máa fà tìtì bí ìran rẹ̀ ì báà ga. Ẹ ti ka owó SSD mọ́ ọn lọ́kàn.

Ẹ ṣí CrystalDiskInfo láti orí fláàṣì. Good aláwọ̀ búlúù lẹ fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ Caution aláwọ̀ yẹ́lò, ẹ fi í sílẹ̀. Lórí HDD, ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6 nísàlẹ̀, tó ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lára dísìkì. Òdo ló yẹ kí Raw Values wọn jẹ́. Ẹ rántí pé ọ̀nà hex ló fi ń kọ nọ́ńbà ibẹ̀: 10 tí ẹ rí, 16 ni. Lórí SSD, ìlera rẹ̀ á wà ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Power On Hours á sì sọ ìtàn ẹ̀rọ fún yín: 9,000 wákàtí, bí òṣìṣẹ́ bá ń lò ó wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ 250 lọ́dún, jẹ́ bí ọdún mẹ́rin àbọ̀.

Ní ti RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, 8GB ni ìwọ̀n tó kéré jù tí mo lè gbà ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà. Abẹ́ Memory á kọ Slots used. 1 of 2 dára gan-an, torí pé àyè ṣì wà láti fi kún un lọ́la. Àwọn tínínrín kan, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, ohun tí ẹ bá rà lẹ ó máa lò títí.

Ṣájà

Ẹ ka ẹ̀yìn ṣájà tí wọ́n fún yín. Volt rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti láptọ́ọ̀pù mu, ampere rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó tàbí kó jù ú lọ. HP 65 watt jẹ́ 19.5V àti 3.33A, Lenovo 65 watt jẹ́ 20V àti 3.25A. Bí ampere bá kéré, ṣájà á máa gbóná, bátìrì kò sì ní kún. Dell ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ẹnu ṣájà oníhò yíká rẹ̀. Ibẹ̀ ló fi ń dá ṣájà rẹ̀ mọ̀. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá tẹ̀ tàbí tí ṣájà jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ á tàn, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní gba iná, iyára CPU sì lè já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 1 GHz. Àwọn ènìyàn á rò pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Ìyókù

Ẹ ṣí àwòrán funfun kan kí ó kún gbogbo ojú ẹ̀rọ, kí ẹ wá àmì dúdú àti ibi tí wọ́n ti tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán dúdú. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé nígbà mẹ́wàá: híńjì tó bá ń dún kẹ́ẹ́ máa fa ike ara rẹ̀ ya láìpẹ́. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù nínú Notepad lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gba Kútọnu wọlé lè jẹ́ AZERTY àwọn Faransé. Ẹ lè yí i padà nínú Settings, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wà lójú bọ́tìnnì kò ní bá ohun tó ń jáde mu mọ́. Ẹ fi fláàṣì sínú gbogbo ihò USB, íapíìsì sínú ihò tirẹ̀, kí ẹ tan kámẹ́rà.

Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ serial number sí i, kì í ṣe "HP laptop" lásán. Nọ́ńbà tó wà nínú BIOS gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ mu. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi lè gbà á padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní ọjọ́ kan pàtó.