Ojú oró nínú ọpọ́n lẹ́yìnkùlé
Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ fi àmọ̀ràn kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ máa gbin ojú oró sílé dípò kí ó máa rà á lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Ọpọ́n ẹlẹ́nu gbàràmù ti tó, kò sì nílò erùpẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni, ẹ jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì bu díẹ̀ mọ́ ọn nínú omi tí ẹ bá pààrọ̀ fún ẹja àrọ̀, nítorí pé bí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n, ebi ni ó sábà máa ń pa á.

Ẹ̀fọn ni ó ń kọ mí lóminú jù. Irú kan wà tí ìdin rẹ̀ máa ń so mọ́ gbòǹgbò ojú oró, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń mí, nítorí náà ẹ kò ní rí i lójú omi rárá. Ẹ máa gbé e sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ já àwọn ọmọ tí ó ń yọ lára okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó bo ojú omi, kí ẹ sì kó èyí tí ó bá ṣẹ́kù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sódò, kí ó má baà dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja.