Bí a ṣe ń pààrọ̀ páìpù èéfín àti sonde lambda lára ọkọ̀ akérò tó ti pẹ́

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn nínú Hiace àlòkù tó ń ná Kétu sí Porto-Novo, tó sì ń mu bẹntiróòlù ju bó ti yẹ lọ, sonde lambda tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ yẹ páìpù wò ná. Bí páìpù bá lu níwájú sonde, afẹ́fẹ́ ìta á máa fà wọlé, sonde á rò pé epo kò tó, ẹ́ńjìnnì á sì máa da epo kún epo. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo gásóìlì kò tilẹ̀ ní sonde yìí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nítorí èéfín inú ilé tí a tì pa lè pa ènìyàn. Kí ẹnì kan fi àkísà tútù dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí ibi tó ń dún ṣìì. Ojú ibẹ̀ sábà máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ tú orí òdì bátìrì, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì ki irin ìgbéró sábẹ́ rẹ̀, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún ló ń gba sùúrù jù: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ wọ́n òróró ìtúdógùn-ún sí i lálẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀, lẹ́yìn náà ẹ yí i mọ́ díẹ̀ kí ẹ tó yí i sílẹ̀, kí ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi agbára já a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò gé bóòtì sínú irin, iṣẹ́ á sì di ti wẹ́dà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ìyẹn awẹ́ tó ń dí ojú ìsopọ̀ páìpù, ni kí ẹ lò. Sílíkóònù tí àwọn mẹ́káníìkì kan fi ń rọ́pò rẹ̀ a máa ba sonde jẹ́. Ẹ má fún nọ́ọ̀tì kankan pa títí gbogbo páìpù yóò fi tò gún.

Sípánà 22 ló ń tú sonde, ó sì máa ń rọrùn bí páìpù bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí sonde bá jẹ́ méjì, ti iwájú catalyseur, ìyẹn àpótí tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù, ló ń darí epo, ti ẹ̀yìn ń ṣọ́ catalyseur, ẹ má pààrọ̀ wọn síra. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, kí gírísì má kan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì so wáyà rẹ̀ jìnnà sí páìpù. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, ẹ tún tẹ́tí sí gbogbo ojú ìsopọ̀.