Àṣìṣe Tó Ń Ba Òwò Ìdílé Jẹ́: Owó Oṣù Ẹbí Ló Ń Dùn Mí Jù

Ìṣirò owó niṣẹ́ mi, àwọn tó ń bá ẹbí wọn ṣòwò ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Òwò ìdílé dára. Bí ọjà ò bá tà, ẹbí á fara dà á, wọ́n á jọ ṣe é mọ́jú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àṣìṣe kan náà ni ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan ń fi owó ara rẹ̀ kọ́.

1. Ẹ má da owó òwò pọ̀ mọ́ owó ilé. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀.

2. Ẹ má gba ọmọ ẹ̀gbọ́n yín síṣẹ́ torí pé kò ríṣẹ́. Ohun tó bá lè mú yín kọ àjèjì, kó mú yín kọ òun náà.

3. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù. "Ṣebí tiwa náà ni" ni wọ́n máa ń sọ. Ohun témi àti ẹ̀gbọ́n mi náà sọ nìyẹn nígbà tá a jọ dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀. Ọdún 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìlówó oṣù. Bí mo bá nílò owó, màá ṣí àpótí, màá mú un. Òun náà ń mú. A ò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbà pé òun ló ń mú jù, òun náà gbà pé èmi ni, nígbà tá a sì jókòó láti yanjú ẹ̀, a ò ní ìwé kankan tá a lè ṣí wò. Ìyàwó rẹ̀ tó ń bá wa di ìwé títí òru ò tiẹ̀ sí nínú ìṣirò wa.

Èyí tó burú jù ni pé èrè wa, èrè irọ́ ni. Ká ní a yọ owó oṣù àwa mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, gbèsè ni ì bá kù, torí iye tí à ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà ò tó. Ìgbà tá a gba òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ẹbí, tá ò sì rówó san fún un, la tó mọ̀.

Ẹ san iye tẹ́ ẹ máa san fún àjèjì. Bí owó ò bá sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òwò jẹ ẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ni owó oṣù. Ẹni tó ní ìpín nínú òwò ló ni èrè, ì báà jókòó sílé.

Ìpín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín, kẹ́ ẹ sì kọ bí ẹni tó fẹ́ kúrò ṣe máa gba tirẹ̀. Adolf àti Rudolf Dassler, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní Jámánì, jọ ń ṣe bàtà láti àwọn ọdún 1920. Ìjà tú wọn ká lọ́dún 1948, wọ́n pín ohun ìní àti òṣìṣẹ́, ọ̀kan dá Adidas sílẹ̀, èkejì dá Puma, nínú ìlú kan náà. Wọ́n rí nǹkan pín. Nínú ìjà àwọn oníbàárà mi tí mo ti dá sí, gbèsè ló sábà máa ń kù nílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí bàbá nìkan máa buwọ́ lu ìwé báńkì. Oníbàárà mi kan kú lójijì. Oṣù 4 làwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi dúró, owó sì wà ní báńkì.