Kí Ọmọ Yín Tó Gun ATV ní Texas: Ohun Tí Òfin Sọ, àti Ibi Tó Ti Dákẹ́

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kíláàsì kan pe ọmọ mi ọkùnrin síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní oko bàbá rẹ̀, bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí Houston. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé àwọn ọmọ máa jẹ kéèkì, wọ́n máa pẹja, wọ́n sì máa gun four-wheeler. Èmi tí mo dàgbà sí Ìbàdàn, mo rò pé nǹkan ìṣeré oníbátìrì tó máa ń wà nílé ìtajà ni wọ́n ń sọ. Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo rí ẹ̀rọ pupa kan lábẹ́ igi, ìjókòó rẹ̀ ga tó àyà ọmọ mi, ẹrẹ̀ sì ti gan mọ́ táyà rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 lọmọ mi. Kò ju kìlógíráàmù 30 lọ.

ATV nìyẹn, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún inú igbó, ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn ún, ẹsẹ̀ kan lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ kan lósì. Àtàǹpàkò ni wọ́n sì fi ń fún un níná. Èyí tí àgbàlagbà ń gùn sábà máa ń wúwo ju kìlógíráàmù 250 lọ. Ẹ ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá dojú dé lé ọmọ kékeré lórí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó ti òfin Texas lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa òbí tó wà níbí pọ̀ tá a máa nílò rẹ̀, torí kò pẹ́ tí ọmọ fi ń bá ọmọ Texas ṣọ̀rẹ́ tí ìpè oko fi ń dé.

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ilẹ̀ ta ni

Ìbéèrè yìí ló ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Orí 551A nínú òfin ìrìnnà Texas ló ń darí ATV àti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ dá lé: igbó ìjọba, etíkun, ọgbà ìgbafẹ́. Ní oko aládàáni, kò sí ọlọ́pàá tó máa béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ. Kò sí ẹni tó máa yẹ akoto rẹ̀ wò.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn, tó sì bà mí lẹ́rù. Ibi tí wọ́n ti máa ń pe àwọn ọmọ wa lọ gan-an ni òfin ti dákẹ́. Ọgbọ́n tí mo wá dá sí i ni pé mo ń gbé òfin ilẹ̀ ìjọba wọ inú oko olóko. Ohunkóhun tí ọmọ mi ò gbọdọ̀ ṣe ní igbó ìjọba, kò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀ náà.

2. Ẹ mọ ohun tí òfin ń béèrè nílẹ̀ ìjọba

Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi bíi Sam Houston National Forest, tí ọ̀nà àwọn ọlọ́kọ̀ yìí wà nínú rẹ̀, ohun tí òfin fẹ́ rí nìyí.

Ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò. Bí kò bá ní in, ó gbọ́dọ̀ wà lójú àgbàlagbà tó ní in, tàbí kó máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lójú olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 14, òbí rẹ̀ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó sì máa mójú tó o, tàbí àgbàlagbà tí òbí fúnra rẹ̀ yàn. Mójú tó o ni mo wí o. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú AC, tó ń wo fóònù, kò mójú tó ẹnikẹ́ni.

Akoto gbọ́dọ̀ wà lórí, ohun tó ń dáàbò bo ojú náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Búrékì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kó ní sàlẹ́ńsà, kó sì ní ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀tapárá iná ta jáde láti ibẹ̀, torí igbó Texas lè gbẹ débi pé ẹ̀tapárá kan tó láti jó o. Bó bá ti tó ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, iná iwájú àti tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa tàn, títí di ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ. Ní ti ọmọdé, èmi ò rí ohun tó ń wá lórí ọkọ̀ náà nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Sítíkà kan tún wà tí Texas Parks and Wildlife, àjọ ìjọba Texas tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́, ń tà ní dọ́là 16. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá tẹ àwọn òfin wọ̀nyí lójú lè san owó ìtanràn tó tó dọ́là 500.

Ẹ̀kọ́ ààbò yẹn kò le. ATV Safety Institute ní èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ń ṣe lójúkojú lórí pápá. Lójúkojú ni kẹ́ ẹ mú fún ọmọdé. Ẹni tó ka ìwé nípa ìlùwẹ̀ kò tíì mọ̀wẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jọ kẹ́kọ̀ọ́ ni, torí bí òbí kò bá ní ìwé ẹ̀rí, ta ló fẹ́ mójú tó ọmọ?

3. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ

Ẹ máà béèrè lọ́wọ́ olóko bóyá ọmọ yín lè gùn ún. Inú rere ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ bi. Sítíkà ìkìlọ̀ máa ń wà lára rẹ̀, ẹ wò ó lápá ibi tí epo wà tàbí lórí ike tó bo táyà, ọjọ́ orí ẹni tó lè gùn ún sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo fi ìka ha ẹrẹ̀ kúrò lára sítíkà ẹ̀rọ pupa yẹn, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni 16. Bàbá ọmọ náà wò ó, ó ní, "Well." Ó ti ra ẹ̀rọ náà fọ́dún mẹ́rin, kò tíì kà á rí.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló fi dandan lé ìpín yìí, látinú òfin ààbò ọjà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2008. Èyí tí wọ́n kọ Y-6+ sí lára, láti ọmọ ọdún 6 ni. Y-10+ jẹ́ láti ọdún 10, Y-12+ jẹ́ láti ọdún 12. Èyí tí wọ́n ń pè ní T wà fún láti ọdún 14, àmọ́ lójú àgbàlagbà. Tàgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 16. Ẹ̀rọ ọmọ ọdún 6 kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ, wọ́n sì ń fi ohun kan dè é tí kò fi ní kọjá 10 títí òbí á fi tú u. Ti Y-10+ kò gbọdọ̀ kọjá 30, 15 ni wọ́n ń dè é sí. Tí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ máà yára tú u.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún yín ní gbàǹjo, ẹ sá. Láti ọdún 1988 ni àwọn tó ń ṣe é ti bá ìjọba ṣàdéhùn pé àwọn ò ní tà á mọ́, torí bó ṣe ń dojú dé.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, AAP, kò tilẹ̀ fara mọ́ ọn rárá: wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ gun ATV, kékeré tàbí ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí pín ilé wa sí méjì. Bàbá wọn ní dókítà ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò lè bá a jiyàn, mo kàn mọ̀ pé ọmọ tí a bá kọ̀ fún pátápátá lè lọ gùn ún níbi tí mi ò sí.

4. Ẹ gbé ọmọ sórí rẹ̀ láì tan iná

Ọjọ́ orí nìkan kò tó, torí ọmọ ọdún 10 kan ga, èkejì kéré. Ẹ jẹ́ kó gùn ún nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín.

Kó dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Àlàfo tó wà láàárín ìjókòó àti abẹ́ rẹ̀ yẹ kó tó íǹṣì 3 sí 6. Kó jókòó padà: itan rẹ̀ yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ gbọọrọ. Kó di ọwọ́ ọkọ̀ mú: ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀, kó má nà tán. Kó wá na ìka sí búrékì ọwọ́. Oríkèé àkọ́kọ́ lára ìka àárín, láti ṣóńṣó rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọjá irin búrékì náà. Ìka ọmọ mi kò tilẹ̀ kan irin yẹn. Ó ní, "Mọ́mì, mo lè fò mú un."

Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ náà lọ sápá ọ̀tún, ẹ yí i lọ sápá òsì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ọmọ ṣì di ibi ìfúnná mú dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń kùnà. Tó bá kùnà nínú ọ̀kan péré, ó di ọdún tó ń bọ̀.

5. Aṣọ, bàtà, àti ọ̀rọ̀ irun

Aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́. Sálúbàtà kò wọ ibẹ̀. Akoto tó ní àmì DOT (ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀) lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ rà. Ti kẹ̀kẹ́ ológeere kò ní í ṣe. Kó fún ọmọ pinpin débi pé tẹ́ ẹ bá mi akoto náà, awọ iwájú orí rẹ̀ á máa bá a mì.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: irun dídì ń da akoto rú. Ọmọ mi obìnrin lọ di irun olóòpó ńlá, a wá gbé akoto sí i lórí, ó dúró bí ìgbà tí wọ́n fi igbá dé orí odó. Tí ìrìn àjò oko bá wà níwájú, ẹ jẹ́ kó dìrun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ orí, kẹ́ ẹ so ìdí rẹ̀ sápá ọrùn, kí ìlẹ̀kẹ̀ má sí nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wọ akoto wò lẹ́yìn tí ẹ dìrun tán, kì í ṣe ṣáájú.

6. Ẹnì kan, ọkọ̀ kan

Nílẹ̀ ìjọba, òfin Texas kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé èrò sórí ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe fún ènìyàn méjì. Èyí le fún wa láti gbọ́, àwa tí a ti rí bàbá, ìyá, ọmọ àti àpò ìrẹsì lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo. Ìjókòó ATV gùn lóòótọ́, èèyàn á rò pé ẹni méjì ló wà fún. Ìdí tó fi gùn ni pé ara ẹni tó gùn ún wà lára ohun tó ń mú un dúró. Tó bá ń yà sọ́tùn-ún, á tẹ ara sọ́tùn-ún; tó bá ń gòkè, á sún síwájú. Tí ọmọ kan bá ti dì mọ́ ọn lẹ́yìn, kò ráyè sún mọ́.

Èyí tó ní síárìn àti bẹ́líìtì, tí ẹni méjì ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi mọ́tò, yàtọ̀. Ọmọ lè bá àgbà jókòó nínú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fara ti ìjókòó. Kó wà á fúnra rẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ṣe.

7. Kó má dé ojú títì

Àyàfi níbi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, ATV kò gbọdọ̀ rìn lójú títì Texas. Ẹ lè rí àgbẹ̀ tó ń wà á lọ ní gbangba, tó ta àsíá aláwọ̀ ọsàn sórí ọ̀pá gígùn. Òfin fún un láyè torí iṣẹ́ oko, lójú ọ̀sán, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ọmọdé kò ní.

Ìdí kan tún wà tó ju òfin lọ. Lára ọ̀pọ̀ ATV, ọ̀pá kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, wọ́n jọ ń yí bákan náà ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, táyà apá ìta ló yẹ kó yí ju ti inú lọ. Lórí iyanrìn, táyà á yọ̀ díẹ̀, kò sí wàhálà. Lórí ọ̀dà, kò ríbi yọ̀ sí, ọkọ̀ á wá ṣorí kunkun tàbí kó dojú dé.

8. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Texas

Òfin yí padà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní Massachusetts, látọdún 2010, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ wa ATV, àyàfi níbi ìdíje tí wọ́n fọwọ́ sí àti ìmúrasílẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín fún ìsinmi, ẹ wo òfin ibẹ̀ kó tó gbéra.

Lọ́jọ́ ìbí yẹn, ọmọ mi sunkún, ó jẹ kéèkì, ó sì pa ẹja kékeré kan tí wọ́n ní kó dá padà sómi. Nísinsìnyí, kí n tó gba ìpè kankan, mo máa ń tẹ ìbéèrè mẹ́rin ránṣẹ́ sí òbí tó pè wá: ẹ̀rọ mélòó ló wà, kí ni wọ́n kọ sára wọn, àgbà wo ló máa dúró tì wọ́n, akoto mélòó ló wà? Ẹni tí mo bi gbẹ̀yìn ní ẹ̀rọ Y-6+ kan wà, òun fúnra òun máa dúró tì wọ́n, àmọ́ akoto kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ márùn-ún. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ti ọmọ mi wà nínú bùọ́ọ̀tì mọ́tò mi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.