Ìka ọwọ́ mi kò jáde: bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ ìbọn ní Texas

Dọ́là 40 ni mo rí lójú ìwé pé wọ́n ń gbà fún ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn kiri ní Texas. Mo ní owó oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, kí ló dé tí n kò ní gbà á? Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí, owó tó jáde lápò mi ti lé ní 450. N kò tíì ka owó ìbọn fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, n kò sì ka owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí mo pàdánù. Oṣù méje ló gbà mí. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló dá mi dúró, kì í sì í ṣe adájọ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà lọ́wọ́ mi ni.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, mo kúrò níbi iṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, mo yà ra epo, ni ọkọ̀ kan bá tẹ̀ lé mi láti ilé epo. Mo yà sọ́tùn-ún, ó yà. Mo yà sósì, ó yà. N kò wọlé. Mo wakọ̀ kọjá àdúgbò wa, mo lọ dúró síwájú ilé àwọn panápaná níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ kedere, ọkọ̀ náà sì bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan kan kò ṣe mí. Àmọ́ ara mi kò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ra ìbọn.

"Ìyá Tòbí, ogun wo lẹ fẹ́ lọ jà?" Bó ṣe máa ń pè mí ní "ẹ" nìyẹn tí inú bá ń bí i. Ó wá rán mi létí Philando Castile, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní ìwé àṣẹ, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé ìbọn wà lára òun, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Minnesota lọ́dún 2016. N kò rí èsì fún un. N kò tíì rí i títí di òní. Mo ṣáà lọ ra ìbọn.

Ríra rẹ̀ kò tó nǹkan tí à ń sọ. Mo kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n yẹ orúkọ mi wò, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé. Kò tó wákàtí kan. Mo pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo lọ ra fíríìjì.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ ní kí n má wulẹ̀ gba ìwé kankan. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún un, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ohun tí wọn kò sọ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì wà lórí àyíká ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 yí i ká. Ẹni tí ìpínlẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ ló lè gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ yọ ọta kúrò, kó sì ti ìbọn mọ́nú àpótí. Ojú ọ̀nà tí mo ń gbà gbé àbíkẹ́yìn mi lọ sílé ìwé láràárọ̀ kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Mo tún máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Louisiana, wọ́n sì mọ ìwé Texas lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò pọn dandan, ẹ ti wọn ojú ọ̀nà yín wò?

Kíláàsì ìwé àṣẹ náà dára. Ìyá àgbà Amẹ́ríkà kan tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló kọ́ wa. Òfin àkọ́kọ́ tó kọ sójú pátákó ni pé gbogbo ìbọn ni kí a kà sí ìbọn tó ní ọta nínú, ni ẹ̀rín bá pa mí. Ọdẹ ni bàbá mi, lápá Ìsẹ́yìn. Ṣakabùlà rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri àfi tó bá fẹ́ lọ sóko, bí ọmọdé bá sì fi igi lásán ṣe ìbọn tó nà án sí ẹnìkejì, ẹgba ni. Á ní: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà, ó sì ní kí n tún un sọ kó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Apá òfin ló gba orí mi jù. Ní Texas, èébú lásán kò tó ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ lo ipá, ká má tíì sọ ti ìbọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé lójú ẹsẹ̀ náà gan-an lo nílò rẹ̀ láti dá ẹni tó fẹ́ pa ọ́ dúró, tàbí ẹni tó fẹ́ jí ọ gbé, tó fẹ́ fipá bá ọ lò tàbí tó fẹ́ fipá jà ọ́ lólè. Òfin kò sọ pé dandan ni kó o kọ́kọ́ sá bó o bá wà níbi tó o lẹ́tọ̀ọ́ láti wà, tí kì í sì í ṣe ìwọ lo wá ìjà náà. Àmọ́ bí o bá yìn ín láìbìkítà, tí ọta bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ "mò ń gbèjà ara mi ni" kò ní gbà ọ́ lórí ẹni yẹn. Ògiri ilé wa níbí kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọta á la inú rẹ̀ kọjá bí ẹni la páálí, yàrá ọmọ ló sì wà lẹ́yìn ògiri tèmi.

Ìdánwò yíyìn: ọta 50. Ogún láti yáàdì 3, ogún láti yáàdì 7, mẹ́wàá láti yáàdì 15. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 250, ẹni tó bá gba 175 ti yege. Mo gba 231. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ti ń ṣe fáàrí láti àárọ̀ kò tó mi. Mo ní kí n ṣáà sọ ọ́.

Ó wá kan títẹ ìka, èyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ wò bóyá èèyàn ti dáràn rí.

Kì í ṣe íńkì mọ́. Wàá gbé ìka lé gíláàsì, kọ̀ǹpútà á sì ya àwòrán ìlà ara rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé àtàńpàkò mi lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un gbé, ó kọ̀. Ó fi aṣọ nu gíláàsì, ó nu ọwọ́ mi, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ èdìdì. Ó ní ṣé mo máa ń fi blíìṣì fọ nǹkan ni. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí. Ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ ìròyìn búburú, ó wá ní òun á fi èyí tó jáde ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ìwé dé: àwòrán ìka mi kò ṣe é kà, kí n padà lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún 19 ni mo ti ń fọ ọwọ́ kí n tó wọ yàrá aláìsàn, tí mo tún ń fọ̀ ọ́ bí mo bá jáde. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́, sánítáísà ni. Yàrá pàjáwìrì ni mo wà. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń tẹ ojú ọgbẹ́ àwọn tí wọ́n yìnbọn lù títí dókítà yóò fi dé. Ìlà wo ni yóò ṣẹ́ kù níbẹ̀?

Mo rántí ìyá mi. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi rẹ́ ẹ̀gẹ́ tó fi yan gàrí, nígbà tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì wò wá síbi ìdìbò lọ́dún 2015, kò mọ ìka rẹ̀ rárá. Ààrẹ Jonathan pàápàá, ẹ̀rọ kò kọ́kọ́ mọ tirẹ̀ ní Otuoke lọ́jọ́ náà. Mo fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù nígbà yẹn. Mo ti bẹ̀ wọ́n o.

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kan náà tí ìwé dé, nítorí mo ń kánjú. Wọn kò gbowó lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ mo fi owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣòfò. Ẹ̀rọ kan náà, ìka kan náà. Kí ni mo rò pé yóò yí padà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwé tún dé: kò ṣe é kà.

Mo pe ilé iṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ lórí fóònù. Orin dún fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, wọ́n sì já a. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́, mo gbé fóònù sínú àpò mo ń jẹ́ kí orin náà máa kọ. Ìgbà kẹta ni mo tó bá obìnrin kan sọ̀rọ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bí wọ́n bá ti dá ìka èèyàn padà lẹ́ẹ̀mejì torí pé kò hàn, wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò dípò rẹ̀. Ṣé òye rẹ̀ yé yín? Ọ̀nà wà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ sínú ìwé méjèèjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá ti pè wọ́n lọ́jọ́ tí ìwé kejì dé, dípò kí n jókòó fún oṣù kan máa bínú. Ẹ máa tọ́jú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ méjèèjì o. Wọ́n bi mí ní déètì tó wà lórí wọn.

Àwọn owó kéékèèké tó kù ni pé àpótí irin tilé gba dọ́là 165. Ó ní nọ́ńbà àṣírí, nítorí òfin Texas mú ẹni tó bá jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 tó ìbọn tó ní ọta. Mo ra àpò ìbọn méjì. Àkọ́kọ́ rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, kò bo ibi tí a ń fà, mo sì jù ú nù. Ẹ má ra olówó pọ́ọ́kú. Níbi iṣẹ́ mi, pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ka ìbọn léèwọ̀, nítorí náà mo ra àpótí kékeré tí wáyà irin so mọ́ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Òfin gbà mí láyè láti ti ìbọn mọ́nú ọkọ̀ níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, àmọ́ àwọn olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ dunjú. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀ pé mi ò ní yà síbì kankan, ilé ni mo ń fi í sí. Okùn tí a fi ń di apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà kì í kúrò nínú báàgì mi ní tirẹ̀. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí ọkọ̀ gbá. Ìbọn, n kò tíì yọ ọ́ rí níta pápá ìdánrawò.

Ó sì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́, pé lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn tẹ̀ lé mi, kò sí ohun tí ìbọn ì bá ṣe tí wíwakọ̀ kọjá ilé kò ṣe. Bàbá Tòbí kò jẹ́ kí n gbàgbé ìyẹn.

Káàdì náà dé ní ọjọ́ Tuesday kan, ọkọ mi ló mú un wá látinú àpótí lẹ́tà. Ó wo fọ́tò rẹ̀, ó ní mo dà bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Nọ́ọ̀sì ará Philippines kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé òun fi ìpara pa ìka fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òun ń wọ ìbọ̀wọ́ òwú sùn, ìgbà tí òun wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lòun sì lọ tẹ ìka, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì jáde. Ọjọ́ náà ló tó rántí sọ fún mi! Àbúrò ọkọ mi ní Dallas, nọ́ọ̀sì lòun náà, ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Mo ti fi ike òrí kan ránṣẹ́ sí i.