Ẹ má kọ pátákó kí ẹ tó bi àgbẹ̀: àṣìṣe àwọn tó ń ta oúnjẹ àárọ̀ ní Kétu

Ilé oúnjẹ àárọ̀ tó ní nǹkan oko ìtòsí lòun ń sè kì í sábà kú nítorí àìmọ oúnjẹ í sè. Ohun tó ń pa á ni pé orúkọ oúnjẹ la máa ń kọ́kọ́ kọ sára pátákó, ká tó wá béèrè ohun tó wà lóko. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, iṣu díndín ni mo kọ sókè pátápátá, mo ní ojoojúmọ́ ni. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, iṣu èṣí ti ń tán, tuntun kò sì tíì jáde. Mo ra ìwọ̀nba tí mo rí ní ọ̀wọ́n gógó. Mo gé ọ̀kan: ó ti hù lórí, ó fúyẹ́ bíi kànìnkànìn, àárín rẹ̀ dúdú. Bí ìdajì wọn ṣe lọ nìyẹn. Owó yẹn kò padà mọ́.

Ohun tó bá wà lóko ni kí ẹ tà. Ẹ dúró de iṣu tuntun, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti apá Ṣábẹ̀ẹ́ bọ̀. Ògì, ẹ̀kọ àti àkàrà lè yí ọdún po, nítorí àgbàdo àti ẹ̀wà ṣeé kó pamọ́.

Àmọ́ ibi ìkópamọ́ yìí gan-an ló ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á ra àgbàdo nígbà ìkórè, wọ́n á dì í sápò láìsá a gbẹ. Ẹ fi eyín gé hóró kan. Bí kò bá fọ́ pàkà, kò tíì gbẹ. Èyí tó bá ti bu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ògì, ẹ má sì ní ẹ máa fọ̀ ọ́. Májèlé inú èébu yẹn, aflatoxin, omi gbígbóná kì í pa á, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló sì ń bà jẹ́. Ẹ rántí pé ọmọ ọwọ́ ń mu ògì yín.

Ti ẹ̀wà, kòkòrò ni. Ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ohun tí ẹ máa lọ̀ fún àkàrà. Ẹ sá a dáadáa, ẹ kó o sínú ọ̀rá nínípọn méjì tó wọ inú ara wọn, kí àpò wà níta, ẹ sì so ẹnu wọn pinpin lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí, á kú.

Ẹ má jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè. Àwọn oníṣòwò mìíràn tó ń wá ra àgbàdo kì í bẹ̀bẹ̀ àwìn, wọn á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Òfin 2017 ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Benin, síbẹ̀ mo ṣì ń rí ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná nínú ọ̀rá. Ó ń dùn mí. Ewé eéran ń bẹ, òórùn rẹ̀ gan-an sì wà lára ohun tí à ń jẹ.

Èèrí ògì ńkọ́? Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ní Songhai, oko ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), láti 1985 ni wọ́n ti ń fi pàǹtírí iṣẹ́ kan bọ́ iṣẹ́ mìíràn. Èèrí tèmi, ẹni tó ń ta ẹ̀wà fún mi ló ń wá kó o fún ewúrẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó sì máa ń mú ẹ̀fọ́ díẹ̀ dání bọ̀.